Òjò 41 àti òjò 39: ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí òkè

Ọjọ́ kìíní

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la gbéra, àwa mẹ́ta: èmi, ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ (Ọ̀gá la kàn ń pè wọ́n, màá ṣáà máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ níbí náà), àti àbúrò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máásítà ẹ̀. Ẹrù kún mọ́tò débi pé àpótí asẹ́ wà lórí itan àbúrò látìgbà tá a ti kúrò nílé títí a fi débẹ̀. Tápù, páànù, ike omi, asẹ́ oríṣi márùn-ún, òṣùwọ̀n, síríǹjì, bátìrì, fúláwà kílò mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni, fúláwà. Ẹ ní sùúrù, màá débẹ̀.

Ohun tá à ń wá lọ ò le láti sọ: a fẹ́ mọ bí òjò ilẹ̀ olóoru ṣe lágbára tó láti hú erùpẹ̀ kó sì gbé e lọ. Kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó o, bó ṣe lágbára tó. Téèyàn bá sọ ọ́ lẹ́nu ó máa ń dà bíi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, èmi fúnra mi, ká sòótọ́, mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé ṣùgbọ́n mi ò tíì fojú rí i kí n tó lọ.

Nǹkan tó tiẹ̀ jẹ́ ká dìde lọ fúnra wa ni pé ọ́fíìsì kan (mi ò ní dárúkọ wọn) fún wa ní déètà òjò ogún ọdún, inú wa ń dùn, àfìgbà tá a ṣí fáìlì ẹ̀ tá a rí i pé oṣù-oṣù ni wọ́n kọ gbogbo ẹ̀. Oṣù yìí iye báyìí, oṣù tó tẹ̀ lé e iye báyìí, ó parí. A béèrè bóyá wọ́n ní ti ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, wọ́n ní àwọn ti pa á rẹ́ torí ó ń gba àyè. Ó ń gba àyè! Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ títí a fi wà lójú ọ̀nà. Lóòótọ́ ọgbọ́n wà téèyàn lè dá sí ti oṣù-oṣù, Fournier, ará Faransé, ló gbé ọ̀kan jáde ní 1960: o máa mú òjò oṣù tó pọ̀ jù lọ, o máa fi òun fúnra ẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, o máa wá fi òjò gbogbo ọdún pín in. Arnoldus tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà náà kí oṣù méjèèjìlá lè wọ inú ẹ̀. Ó sàn ju kéèyàn má ní nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa fi ojú oṣù wo nǹkan tó jẹ́ pé ìdajì wákàtí ló fi máa ń ṣẹlẹ̀?

Aago mẹ́ta ọ̀sán la dé. Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì. "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ. Òjò ò tíì ya ibí láti ọjọ́ mẹ́rin." A dọ̀bálẹ̀, a tú ẹrù, ó ti rẹ̀ wá.

Ọjọ́ kejì

Rain gauge, ẹ̀rọ tó ń wọn òjò, la kọ́kọ́ dojú kọ. Èyí tó wà níbẹ̀ jẹ́ irú tó ní ṣíbí oníhà méjì nínú, tó máa ń yí sọ́tùn-ún yí sósì bíi jangirọ́fà, omi á kún apá kan, á tẹ̀, á da omi ẹ̀ nù, apá kejì á bọ́ sábẹ́ ẹnu àrọ, lọ́gà (ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ déètà pa mọ́ fúnra ẹ̀) á sì kọ àkókò tó tẹ̀ sílẹ̀. Ìtẹ̀ kan jẹ́ mílímítà 0.2. Ẹnu gauge náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 láti etí kan sí ìkejì, nítorí náà tó o bá rọra da mílílítà 314 sínú ẹ̀, òjò mílímítà 10 lo ṣe yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ nígbà 50.

A fi abẹ́rẹ́ lu ìdí ike kan, a gbé e lé e lórí, ó ń kán tó, tó, tó. Àbúrò ń kà á sókè. Ó dé mẹ́rìnlélógójì, omi tán.

Mo ní, "O ti ṣì í kà."

"Mi ò ṣì í kà o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo lọ́gà."

Lọ́gà náà ní 44.

Ọ̀gá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn tú ìdérí ẹ̀. Aláǹtakùn ti ta sára ẹ̀gbẹ́ ṣíbí kan, okùn fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí tó ò ní rí tí oòrùn ò bá tàn sí i, kò sì jẹ́ kí ṣíbí náà padà lọ tán. Agbọ́n tún ti fi amọ̀ mọlé sí ẹnu àrọ, ó dí i dé ìdajì. A ò mọ ìgbà tó ti wà bẹ́ẹ̀. Èyí ló burú nínú ọ̀rọ̀ náà, torí bí gauge bá kú pátápátá ó sàn, wàá rí òdo wàá sì mọ̀ pé ó kú, ṣùgbọ́n èyí tó ń kà á ní àkàdín á máa gbé nọ́ńbà tó jọ òótọ́ wá fún ẹ lóṣooṣù.

A nù ún, a fọ àrọ, a fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì tò ó kó dúró gbọnrangandan, a tún da 314 míì sí i. 50. Mo fò sókè bí ọmọdé. Ọ̀gá ní kí n má tíì yọ̀, wọ́n lu ihò tó tóbi sí ike míì kó lè dà tán ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìyẹn jẹ́ bí òjò tó ń rọ̀ ní mílímítà 75 ní wákàtí kan. 47. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́ o, bó ṣe rí nìyẹn: nígbà tí ṣíbí bá ń yí, ìṣẹ́jú akàn kan wà tí omi ṣì ń dà sí apá tó ti kún, ìyẹn sì ṣòfò. Tí òjò bá rọra ń rọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Mo kọ 47 sínú ìwé, mo sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta

Àwọn pulọ́ọ̀tì. Ìdagẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n pín sí mẹ́ta, wọ́n ri páànù mọ́lẹ̀ yí ìkọ̀ọ̀kan ká kí omi ibòmíì má bàa wọlé, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní gọ́tà tó ń kó omi lọ sínú dúrọ́ọ̀mù. Ìkọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 22.13, ó fẹ̀ ní mítà 1.83. Àbúrò bi mí pé nọ́ńbà játijàti wo lèyí. Mo ní kó yí i padà sí ẹsẹ̀ bàtà kó wò ó: 72.6 lọ́nà 6, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún éékà géérégé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló gé e bẹ́ẹ̀, káríayé sì ń gé e bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Látinú irú pulọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn ni Wischmeier àti Smith ti kó déètà jọ, tó o bá ro ọdún gbogbo pulọ́ọ̀tì pọ̀ ó ju 10,000 lọ, kí wọ́n tó tẹ fọ́múlà wọn, èyí tó ń ṣírò iye erùpẹ̀ tí òjò máa gbé lọ, jáde nínú ìwé tí wọ́n ṣe ní 1978.

Pulọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ wa, ìhòòhò ni, Bàbá ń ro ó lóòrèkóòrè, koríko kan ò gbọdọ̀ hù níbẹ̀. Ìkejì, koríko gbígbẹ la fi bò ó. Ẹ̀kẹta, páànù ẹ̀ ti wọ́, a fi ọ̀sán gbogbo tún un ṣe, a ò sì rí i lò nígbẹ̀yìn, kí n má fàkókò yín ṣòfò lórí ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ a rìn wọ abẹ́ igi tíìkì tó wà lókè, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wo nǹkan tí mo rí níbẹ̀. Èmi rò pé abẹ́ igi ni erùpẹ̀ ti máa ń rí ààbò. Abẹ́ tíìkì yìí mọ́ kanlẹ̀, wọ́n ti sun ewé tó wà nílẹ̀, kò sí igbó kéékèèké. Mo bá kúnlẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta kọ̀ọ̀kan ń jókòó lórí òpó erùpẹ̀ tíńtín tiẹ̀, bí ẹni tó jókòó lórí àpótí. Mo fi rúlà wọn ọ̀kan: òpó náà ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ibi tí òkúta ṣíji bò nìkan ló ṣẹ́ kù, gbogbo àyíká ẹ̀ ló ti lọ. Ewé tíìkì fẹ̀, òjò á kó ara jọ sórí ẹ̀ títí á fi di ẹ̀kán ńlá kan, á wá já bọ́ láti ibi gíga. Ọ̀gá ní tí ẹsẹ̀ igi bá ti ga tó báyìí, ẹ̀kán yẹn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo eré tó lè sá kó tó kanlẹ̀. Igi nìkan ò tó, ohun tó bo ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ni.

Ọjọ́ kẹrin

Fúláwà wàyí.

Téèyàn bá fẹ́ mọ agbára òjò ó gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ̀kán ẹ̀ ṣe tóbi tó, torí ẹ̀kán ńlá ń yára ju kékeré lọ. Ẹ̀kán tó jẹ́ mílímítà 1 máa ń já bọ́ ní nǹkan bíi mítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó jẹ́ mílímítà 5, mítà 9. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn wúwo ní ìlọ́po 125, eré ẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, eré sì máa ń di ìlọ́po ara ẹ̀ nínú agbára, nítorí náà ẹyọ ẹ̀kán ńlá kan ní agbára tó ju ti ẹgbẹ̀ta kékeré lọ. Àwọn ẹ̀rọ wà lóde òní tó ń fi iná lésà ka ẹ̀kán lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ wa. Fúláwà wà. Wilson Bentley, ọ̀gbẹ́ni tó ya fọ́tò yìnyín wẹ́wẹ́ kiri ní Vermont yẹn, òun ló lo fúláwà ní 1904: tẹ́ fúláwà sínú àwo, ṣí i sójò fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, bò ó, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á ti di kóró kan. Laws àti Parsons ṣe é lọ rẹpẹtẹ ní 1943, orí iṣẹ́ wọn ni ọ̀pọ̀ fọ́múlà agbára òjò dúró lé.

Àwa náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹ̀kán wo ló ń ṣe kóró wo. Síríǹjì àti abẹ́rẹ́ oríṣiríṣi. O máa kán ọgọ́rùn-ún ẹ̀kán sínú ife, o wọ̀n ọ́n, o máa wá kán ọgọ́rùn-ún míì sórí fúláwà. Èyí tí ọgọ́rùn-ún ẹ̀kán ẹ̀ wọn gíráàmù 3.35, ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mílímítà 4 nìyẹn. Iṣẹ́ náà ń súni bí nǹkan míì, ọrùn ro mí, àbúrò sùn lọ sórí àga pẹ̀lú síríǹjì lọ́wọ́.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́, òjò dé. Gbogbo wa sáré jáde. Ó ń rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá ò tiẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì wọn. "Ẹ lọ sùn jàre. Ẹ gbọ́ páànù òkè yẹn, kò sọ̀rọ̀. Òjò tí ò bá bá páànù sọ̀rọ̀ kì í kó nǹkan kan lọ." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dúró síta títí aṣọ mi fi tutù.

Ọjọ́ karùn-ún

Òjò dá ní aago méjì òru, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà, ó dáwọ́ dúró ní mẹ́wàá àárọ̀. Lọ́gà ka mílímítà 41. Mo ní áà, ó pọ̀ o! A sáré lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù pulọ́ọ̀tì ìhòòhò, ẹ fojú inú wò ó, nǹkan bíi lítà 1,660 ló já lu orí ilẹ̀ yẹn, 35 péré ló wà nínú dúrọ́ọ̀mù, ilẹ̀ ti mu ìyókù. Omi náà kàn pọ́n díẹ̀ ni. A pò ó, a bu lítà kan, a gbé e wọ ọ́fùn ní 105 títí ó fi gbẹ. Gíráàmù 2 ní lítà kan. Àpapọ̀ ẹ̀, gíráàmù 70. Ọwọ́ kan lè kó o. Ti abẹ́ koríko ò tilẹ̀ lómi.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀, ìjà ọ̀rọ̀ ni o. Àbúrò ní òjò méjì ni, torí ó dá fún wákàtí mẹ́rin láàárín. Èmi ní ọ̀kan ni. Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní òfin: àyàfi tí wákàtí mẹ́fà bá kọjá tí ohun tó rọ̀ láàárín ẹ̀ ò tó mílímítà 1.3 la tó lè ya òjò kan kúrò lára ìkejì. Àbúrò ní ta ló fi 1.3 lélẹ̀ àti pé kí ló dé tí kì í ṣe 1? Mo ní 1.3 jẹ́ ìdá kan nínú ogún íǹṣì, bẹ́ẹ̀ náà ni 12.7 tí wọ́n ní òjò tí ò tó o kéèyàn má kà á, àyàfi tó bá sáré rọ̀ lójijì, ìdajì íǹṣì ni. Ó ní ṣé òjò mọ íǹṣì ni. Mi ò ní èsì fún un.

Ọjọ́ kẹfà

Oòrùn. A fọ asẹ́. Mo fẹ́ kàwé, mo sùn.

Ọjọ́ keje

Láti ọ̀sán ni ojú ọ̀run ti ṣú ní apá ìlà-oòrùn, atẹ́gùn tutù gba iwájú, ewé tíìkì ń yí ẹ̀yìn wọn sókè. Bàbá wá síbi tá a wà fúnra wọn. "Ẹ kó àwo yín jáde. Èyí fẹ́ sọ̀rọ̀."

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kàn ń ta wá lára ni, lẹ́yìn náà páànù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo débi pé Ọ̀gá ń fọwọ́ júwe fún wa torí a ò gbọ́ ohùn ara wa mọ́. Àwo fúláwà àkọ́kọ́, Ọ̀gá ṣí i, wọ́n ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, wọ́n fẹ́ dé e, atẹ́gùn gba ìdérí lọ́wọ́ wọn, kí àbúrò tó sáré mú un wá gbogbo fúláwà ti di ọ̀kan ṣoṣo, ó di nǹkan téèyàn lè fi lẹ bébà mọ́gi. Ọ̀gá ṣépè díẹ̀ (mi ò gbọ́ o, páànù ń pariwo). Èkejì, èmi ni mo di ìdérí mú, ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré, ó dúró. Ẹ̀kẹta náà dúró.

Mo wá sáré lọ sí etí pulọ́ọ̀tì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí omi ń dà lọ́rùn mi. Ẹ̀kán kan á balẹ̀, erùpẹ̀ á fò yí i ká bí adé, àwọn wóró ẹ̀ á lọ balẹ̀ níbi tó jìnnà, ẹ̀kán míì á ti tún bọ́ síbẹ̀. Páànù tí a rì mọ́lẹ̀ ti pọ́n ní ìta àti nínú, ó ga tó orúnkún mi. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ojú ilẹ̀ ti dí, ó ń dán bíi pé wọ́n kùn ún ní amọ̀ tó kúnná, omi ò wọlẹ̀ mọ́, ó kàn ń sáré lórí ẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Mo wo pulọ́ọ̀tì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó wà lábẹ́ koríko: omi ń rọra yọ́ gba abẹ́ koríko kọjá, ó mọ́. Òjò kan náà, ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà, páànù tín-ín-rín kan ló là wọ́n láàárín.

Nígbà tó fi máa di ogójì ìṣẹ́jú, ariwo ti rọlẹ̀. Ó rọra ń rọ̀ fún wákàtí kan sí i, ó dá.

Ọjọ́ kẹjọ

Lọ́gà ka 39. Mílímítà 39 o! Kò tó ti ọjọ́ karùn-ún. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì yẹn ló kọ ọ́, òjò ọjọ́ karùn-ún ló máa ṣáájú.

Dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, lítà 200, ti kún bo ẹnu. Èyí tó bá ṣẹ́ yọ lórí ẹ̀ máa ń gba ojú ihò márùn-ún, ihò kan ṣoṣo ló ń lọ sí dúrọ́ọ̀mù kejì, a bá 86 níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé tó o bá sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún tó o wá fi 200 kún un, ó jẹ́ 630. Omi ọ̀hún nípọn. Igi tá a fi pò ó, erùpẹ̀ ti jókòó sí ìdí dúrọ́ọ̀mù débi pé ó ń há. Gíráàmù 25 ní lítà kan. Àpapọ̀, kílò 15.75.

Gíráàmù 70. Kílò 15.75. Ìlọ́po 225, látọ̀dọ̀ òjò tó kéré.

Tó o bá nà án dé héktà kan ó jẹ́ tọ́ọ̀nù 3.9. Lórí ilẹ̀, nǹkan bí mílímítà 0.3 ló ṣí kúrò, ìyẹn ò tó kéèyàn fojú rí, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn kì í fi í mọ̀. Abẹ́ koríko: lítà 20, gíráàmù 20.

Mo jókòó tì láptọ́ọ̀pù, mo pín òjò náà sí mẹ́rin bí lọ́gà ṣe kọ ọ́: 3 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 18 ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 12 ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 6 ní ọgọ́ta. Fún apá kọ̀ọ̀kan o máa wo bó ṣe ń yára rọ̀ ní wákàtí kan, 18, 72, 48, 6, fọ́múlà á wá sọ agbára tí mílímítà kọ̀ọ̀kan gbé wá. Ti 6 yẹn, megajoule (òṣùwọ̀n agbára) 0.135 lórí héktà kan. Ti 72, 0.284. Kò lè kọjá 0.29 láéláé bó ti wù kó rọ̀ tó, torí ẹ̀kán òjò máa ń fọ́ nígbà tó bá ti tóbi jù, àwọn kóró fúláwà wa náà jẹ́rìí sí i, nígbà tá a gbẹ wọ́n tá a jọ̀ wọ́n, a ò rí ọ̀kan tó ju ẹ̀kán mílímítà 5 lọ. Àpapọ̀ agbára: megajoule 9.8 lórí héktà kan. O máa wá mú ìdajì wákàtí tó rọ̀ jù, 18 àti 12, ìyẹn 30, èyí tó jẹ́ 60 ní wákàtí kan, o sọ méjèèjì di púpọ̀. 588. Nǹkan tí wọ́n ń pè ní EI30 nìyẹn, gbogbo wàhálà wa láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n ti kó ti ibùdó 3,625 ní orílẹ̀-èdè 63 jọ rí, wọ́n gbé e jáde ní 2017, ìpíndọ́gba ti ayé fún odidi ọdún kan jẹ́ 2,190 níbẹ̀. Ọ̀sán kan ṣoṣo wa ti gba ju ìdá mẹ́rin ẹ̀ lọ.

Àbúrò ní kí n ṣe é bíi pé wákàtí-wákàtí ni lọ́gà ń kọ, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Mo ṣe é: 35 ní wákàtí àkọ́kọ́, 4 ní ìkejì. Ó já sí 327. Òjò kan náà o, a ò fọwọ́ kan nǹkan kan, bá a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan ló yí padà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì ti lọ.

Mo wá ṣe ti ọjọ́ karùn-ún. Ìdajì wákàtí tó rọ̀ jù, 4, ìyẹn 8 ní wákàtí kan. EI30 ẹ̀: 42. Ibí ni mo ti há. 588 sí 42, ìlọ́po mẹ́rìnlá. Erùpẹ̀ ní ìlọ́po 225. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, mo rò pé mo ti ṣe àṣìṣe.

Ọ̀gá wò ó láti ẹ̀yìn mi. "Ṣé o rántí Hudson?" Hudson, onímọ̀ nípa bí òjò ṣe ń hú erùpẹ̀, ṣiṣẹ́ ní Rhodesia ìgbà yẹn, tó ti di Zimbabwe báyìí, ó sì rí i pé òjò tí ò bá ti tó mílímítà 25 ní wákàtí kan kì í sábà hú erùpẹ̀, ló bá ní kí wọ́n yọ irú òjò bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìṣirò pátápátá. Lójú Hudson, òjò ọjọ́ karùn-ún wa jẹ́ òdo. Ti ọjọ́ keje, 8.4 nínú 9.8 ló máa kà. "Ilẹ̀ náà sì ti mu 41 kó tó di pé èyí dé," Ọ̀gá ní, "ibi tó ti gbẹ kọ́ lèyí bọ́ sí." Òótọ́ ni, ìyẹn ò sí nínú EI30 rárá, òjò nìkan ló mọ̀, kò mọ ilẹ̀. Wọ́n tún mẹ́nu ba Rattan Lal, èyí tó gba World Food Prize ní 2020, pé nígbà tó wà ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, òun náà rí i pé EI30 ò bá òjò ibẹ̀ mu tán, ó wá lo iye òjò lọ́nà ibi tó ti yára jù láàárín ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ péré. Ìdajì wákàtí tiẹ̀ ti gùn jù.

Mo lọ sọ iye ẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n ní, "Ṣebí mo sọ fún yín." Wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́, etí wọn ti ń ya òjò sọ́tọ̀ kó tó di pé a gbé ẹ̀rọ wá.

Ọjọ́ kẹsàn-án

A ń di ẹrù ni mo rí 47 nínú ìwé mi.

Lọ́gà ń kà á ní àkàdín nígbà tí òjò bá yára, bíi 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà wo sì ni òjò ọjọ́ keje yára? Níbi tí ìṣirò náà ti ṣe pàtàkì jù. Mo tún láptọ́ọ̀pù gbé jáde lórí bónẹ́ẹ̀tì mọ́tò, Ọ̀gá ń fun fèrè. Mo sọ 18 di 19.1, mo sọ 12 di 12.6. Agbára lọ sókè díẹ̀, ìdajì wákàtí náà lọ sókè, wọ́n sì ń sọ ara wọn di púpọ̀, nítorí náà àṣìṣe náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe 588. Bíi 650 ni.

Ìyẹn ni pé gbogbo òjò líle tí gauge yẹn ti kọ látìgbà tí wọ́n ti rì í síbẹ̀ ló ní láti padà sórí tábìlì, ká tó wá sọ ti aláǹtakùn tá ò mọ oṣù tó dé. Àbúrò ti gbà láti ṣe é. Mo ní kó kọ́kọ́ wá ìgbà tí òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù lójijì nínú fáìlì, bóyá ibẹ̀ ni agbọ́n ti kọ́lé. Ó ní òun ti ń wò ó látàná, ó dà bí ìparí oṣù kẹrin.